Eré Pẹ̀lẹ́ Ló Gbé Mi Dé Òpin Màrátọ́ọ̀nù

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ṣòro jù nínú màrátọ́ọ̀nù, n kò ní dárúkọ oòrùn, n kò sì ní dárúkọ ẹsẹ̀ ríro. Ohun tó ṣòro jù ni kí ara yá gágá, kí ẹsẹ̀ máa fẹ́ fò, kí àwọn èèyàn máa kọjá lára ẹni lọ́tùn-ún lósì, kí èèyàn sì kó ara rẹ̀ níjàánu pé kò tíì tó àkókò. Ẹni tí kò bá lè sáré pẹ̀lẹ́ kò lè sá kìlómítà 42.195 kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbọ́ tirẹ̀ títí dé òpin.

Olùkọ́ báọ́lọ́jì ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Ìlọrin. Tanké ni mò ń gbé, Àjàṣẹ́-Ìpo ni ilé wa. Nígbà tí ogójì ọdún ń sún mọ́ etílé, mo pinnu pé kí n tó pé e, n ó sá màrátọ́ọ̀nù Èkó, n ó sì parí rẹ̀ kí wákàtí 5 tó pé. Àwọn kan ní kí n ṣáà gbìyànjú kí n dé òpin, pé ìyẹn náà tó fún ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, gbogbo ohun tí mo bá lé bá, bí kì í bá ṣe ti ilé, ti ibi iṣẹ́ ni, tàbí ti àwọn ọmọ. Mo fẹ́ ohun kan ṣoṣo tí èmi fúnra mi yàn, tí aago yóò jẹ́rìí sí, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fi àánú bù kún un fún mi.

Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Wákàtí 5 jẹ́ ìṣẹ́jú 300. Bí a bá pín in sórí kìlómítà 42.195, ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú àáyá 6 ni yóò kan kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú 7 géérégé sá ọ̀kọ̀ọ̀kan, n ó parí ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 55. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kù, ti omi mímu ni àti ti èrò tó bá dí ọ̀nà. Nígbà tí mo rí i lórí ìwé báyìí, ọkàn mi balẹ̀, torí ẹni tó bá ń rìn kíákíá lè fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 rin kìlómítà kan. Ìṣẹ́jú 7 kì í ṣe eré àsápajúdé. Kí a sá a lẹ́ẹ̀kan kò le. Kí a sá a títí yóò fi di ìgbà 42 láìdẹwọ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí wọ́n bá fẹ́ fi ìṣẹ́jú 7 sá kìlómítà kan lọ́jọ́ ìdíje, ìṣẹ́jú 6 ni kí wọ́n máa fi sá a nígbà ìdánrawò. Òdìkejì rẹ̀ ni. Nínú púpọ̀ ìdánrawò mi, ìṣẹ́jú 8 ni mo fi ń sá kìlómítà kan, nígbà mìíràn ó ń lé. N kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ bóyá mò ń yára jù: Fátíhà, orí àkọ́kọ́ nínú Kùránì, ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bí mo bá lè kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí èémí kò já mọ́ mi lẹ́nu láàárín ẹsẹ kan, eré mi dára. Bí mo bá ní láti dákẹ́ kí n mí kanlẹ̀ kí ẹsẹ kan tó parí, mo ti ń yára jù nìyẹn, n ó sì dẹ ìgbésẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè fi orin ìjọ rẹ̀ tàbí oríkì ilé rẹ̀ ṣe é. Kí ẹnu ṣáà lè sọ̀rọ̀ délẹ̀.

Ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ni mo wá ń rí lára ara mi. Tí a bá ń sáré pẹ̀lẹ́ fún ìgbà pípẹ́, òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ín máa ń pọ̀ sí i nínú iṣan ẹsẹ̀, mitokọ́ńdíríà inú iṣan náà, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kékeré tó ń sọ oúnjẹ di agbára, a máa pọ̀ sí i, ọkàn a máa ti ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jáde nígbàkígbà tó bá lù, ara a sì kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rá ṣiṣẹ́ dípò kó máa ná ṣúgà nìkan. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀gá gbogbo wọn fún ẹni tó fẹ́ rìn jìnnà. Ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kò pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àyíká kìlómítà 30 ló ti máa ń tán lọ. Ẹni tó bá fi ìwàǹwára ná tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti kọ̀ fún un. Ọ̀rá ní tirẹ̀, kódà lára ẹni tó tín-ínrín, ó ju ohun tí màrátọ́ọ̀nù kan lè ná tán lọ. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọkàn àti èémí máa ń tètè le, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, ṣùgbọ́n okùn tó so iṣan mọ́ egungun ń fẹ́ oṣù púpọ̀. Èémí yóò ní ká máa lọ, orúnkún yóò sì máa sanwó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí mo sì máa ń dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kí ara lè tún ara rẹ̀ ṣe.

Ṣùgbọ́n ojú títì kò mọ báọ́lọ́jì. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, tí mo bá jáde pẹ̀lú híjáàbù àti bàtà ìsáré mi, àwọn ọ̀dọ́kùnrin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì á máa kọjá lára mi fìrì. Ó wù mí kí n tẹ̀lé wọn, ara mi sì lè ṣe é. N kò tẹ̀lé wọn. Màmá kan tó ń dín àkàrà ní ìkóríta wa ló kọ́kọ́ bi mí pé, "Àǹtí, ẹ kú ìdájí o. Kí ló ń lé yín?" A kúkú mọ̀ pé ẹnìkan kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Mo ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Kò sí ohun tó ń lé mi o, èmi ni mò ń lé nǹkan." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yọ, yóò ti máa ké láti ìdí agbada, "Ṣé ọwọ́ yín ti tẹ̀ ẹ́?" Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn gan-an. Ó mú mi jáde ní àwọn òwúrọ̀ tí ibùsùn ì bá dá mi dúró.

Ohun kan tún wà tí mo dì mú. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023, Kelvin Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, sá màrátọ́ọ̀nù Chicago ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 35, èyí tí ọkùnrin kankan kò tíì sá irú rẹ̀ rí nígbà náà nínú ìdíje tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìṣẹ́jú 60 àti ìṣẹ́jú àáyá 48 ló fi sá ìdajì àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 47 ló fi sá ìdajì kejì. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó yára jù láyé fi nǹkan pamọ́ de ìdajì kejì. Mo kọ àwọn òǹkà méjèèjì sí ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ mi. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ló pa ọmọkùnrin náà ní Kẹ́ńyà ní oṣù Èrèlé ọdún 2024, ọmọ ọdún 24. Ikú rẹ̀ dùn mí bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá ń múra sílẹ̀ fún màrátọ́ọ̀nù Èkó láti Ìlọrin, inú ọyẹ́ ni yóò ti ṣe é. Oṣù Èrèlé ni ìdíje náà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, máa ń bọ́ sí, nítorí náà Bélú, Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́ ni oṣù tí ìsáré gígùn pọ̀ jù, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọyẹ́ máa ń mú ìlú wa. Òtútù a máa mú ìka ọwọ́, eruku a bo ojú ọ̀nà débi tí a kò ní rí ìparí títì, ètè a là. Òrí ni mo fi ń jà á. N ó rà á ní ọjà Ìpàta, n ó fi kun ètè, n ó fi kun inú itan àti abẹ́ apá níbi tí aṣọ ti ń ha ara, n ó tún fi kun àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ kí n tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n ń ta oríṣiríṣi ìpara olówó gọbọi fún àwọn asáré. N kò rí èyí tó ju òrí lọ nínú wọn. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni mo fi ń bo imú. Lọ́jọ́ tí eruku bá ki jù, ilé ni mo ń jókòó sí, torí ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe akin.

Ewu tó fara sin nínú ọyẹ́ ni pé òógùn ń gbẹ kó tó hàn. Èèyàn á parí eré wákàtí méjì, aṣọ rẹ̀ á gbẹ, á rò pé omi kankan kò jáde lára òun. Iyọ̀ funfun tó kù létí híjáàbù mi ló ń sọ òótọ́ fún mi. Mo fi ara mi sábẹ́ òfin pé, bí òùngbẹ gbẹ mí bí kò gbẹ mí, n ó mu omi díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti sáré fún ìdajì wákàtí. Inú ọgbà Yunifásítì ìlú Ìlọrin ni mo ti ń ṣe púpọ̀ nínú èyí. Ilẹ̀ wọn fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 15,000, ọ̀nà ibẹ̀ gùn, ọkọ̀ kò pọ̀ lówùúrọ̀, obìnrin sì lè sáré níbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo dúpẹ́ pé a ní irú ibẹ̀.

Àmọ́ Èkó kò ní ọyẹ́ tiwa. Òógùn tó bá ń kán sílẹ̀ kò tu ara. Èyí tó bá ń gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ. Ní Ìlọrin lóṣù Ṣẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, òógùn á gbẹ, ara á tutù. Létí ọ̀sà Èkó, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, òógùn á máa ṣàn lásán, ooru á sì wà nínú ara. Ẹni tó bá gbé eré ọyẹ́ lọ sáré nínú ooru yẹn, á rí i pé ọkàn òun ń lù kíkankíkan lórí ìwọ̀n eré tó rọrùn fún un nílé. Nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 ni ara fi ń mọ́ ooru. Nítorí náà, bí ìdíje ṣe ń kù sí dẹ̀dẹ̀, mo gbé díẹ̀ nínú eré mi sí ẹ̀yìn ìrun Àsárì, nígbà tí oòrùn Ìlọrin ṣì mú, mo wọ aṣọ tó nípọn díẹ̀, mo sì sá a pẹ̀lẹ́ ju ti òwúrọ̀ lọ. Kì í ṣe eré tó wuyì. Bí ẹ bá fẹ́ bi mí ní ohun kan ṣoṣo tó gbà mí lọ́wọ́ Èkó, òun ni.

Ọjọ́ Àìkú ni mo ń ṣe ìsáré gígùn. Èyí tó gùn jù nínú wọn, mo ti ń rò ó tipẹ́: láti Gánmọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, ilé bàbá mi. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn lóde òní mọ̀ pé obìnrin kì í dá sáré níbẹ̀. Ìròyìn àwọn ajínigbé ti mú kí gbogbo wa máa wo inú igbó lẹ́ẹ̀mejì ní Gúúsù Kwara. Mo kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé bóyá ọ̀nà dára, mo dúró kí ilẹ̀ mọ́ kedere, àbúrò mi ọkùnrin sì gun ọ̀kadà rẹ̀ tẹ̀lé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Apá òsì títì ni mo wà, kí n lè máa rí ojú ọkọ̀ tó ń bọ̀, torí àwọn tírélà ọ̀nà yẹn kì í bẹ̀bẹ̀.

Pátákó ilé iṣẹ́ ìjọba ni mo fi ń ka ọ̀nà. ARMTI, tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àbójútó iṣẹ́ àgbẹ̀, kìlómítà 18 láti Ìlọrin ni àdírẹ́sì rẹ̀. NCAM, tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ oko, kìlómítà 20 ni tirẹ̀. Agbègbè Ìdọ̀fìàn ni àwọn méjèèjì wà. Mo ti fi ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ láti kékeré, n kò sì mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbi òkè, n ó gé ìgbésẹ̀ kúrú. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, n kò jẹ́ kí ó gbé mi sáré, torí ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ba iṣan iwájú itan jẹ́ jù. Àwọn àgbẹ̀ tó ń lọ sóko ń kí mi kú iṣẹ́, mo ń jẹ́ wọn lóhùn. Ìkíni yẹn náà ń sọ fún mi pé èémí mi ṣì tó.

Dàbínù ni mò ń jẹ, ìkan lẹ́yìn ìkan, láti ìgbà tí ebi kò tíì pa mí rárá. Àwọn onímọ̀ ní kí ẹni tó ń sáré gígùn jẹ ohun tó ní ṣúgà tàbí ìyẹ̀fun tó gíráàmù 30 sí 60 láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá dúró kí ó rẹ òun kó tó jẹun ti pẹ́ jù. Ní ti omi, omi lásán nìkan léwu. Ẹni tó bá ń mu ún ní àmujù fún wákàtí mẹ́rin márùn-ún, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí orí yóò máa fọ́ ọ tí kò ní mọ ibi tó wà mọ́. Omi tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ àwọn ìyá láti fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru ni mo pò sínú ike: lítà omi kan, ṣíbí ìmutíì 6 ti ṣúgà, ìdajì ṣíbí ìmutíì ti iyọ̀. Mò ń mu tibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń mu píọ̀ wọ́tà tẹ̀lé e.

Ó lé ní wákàtí mẹ́ta kí n tó wọ Àjàṣẹ́. Màmá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. "Àmọ̀kẹ́! Ẹsẹ̀ lo fi wá?" Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn. Ó fi mí jókòó, ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, ó gbé iṣu síná. Ìgbà tí mo jẹun tán ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa bàbá rẹ̀, tó máa ń ru iṣu lórí láti Àjàṣẹ́ lọ ná ọjà Ọ̀fà, tí yóò sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Wọn kì í yára lówùúrọ̀. Ẹrù tó fúyẹ́ lówùúrọ̀, ọ̀sán ni í wúwo." N kò tíì gbọ́ olùkọ́ eré ìdárayá kankan tó là á yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìdíje, mo dín eré kù gidigidi. Bàtà tuntun tí mo ti rà, tó fi díẹ̀ tóbi ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú, mo ti wọ̀ ọ́ sáré dáadáa kó tó di ọjọ́ náà. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìrẹsì funfun àti ẹja ni mo jẹ. Kò sí ẹ̀wà, kò sí gbẹ̀gìrì, kò sí ata púpọ̀. Ẹnìkan fi oògùn apàrora lọ̀ mí pé kí n lò ó kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo kọ̀ ọ́, mo sì bẹ gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí: ẹ má ṣe é. Nígbà tí omi bá ti dín lára, irú oògùn bíi ibuprofen lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, bí wọ́n ṣe ní ká máa lọ, èrò rọ́ jáde. Kìlómítà àkọ́kọ́ mi lọ́ra ju bí mo ṣe fẹ́ lọ nítorí èrò, n kò sì gbìyànjú láti gbẹ̀san rẹ̀. Lójú ọ̀nà Ìkòròdú ni mo ti rí àyè, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà mi jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú 7, ìṣẹ́jú 7. Àwọn èèyàn ń kọjá lára mi bíi ti Tanké.

Nígbà tí a gun afárá Third Mainland, oòrùn ti yọ. Afárá yẹn gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8, kò sí igi, kò sí òjìji, ọ̀sà ló wà lábẹ́ rẹ̀, a sì ń wo àwọn ilé orí omi Mákòókò lápá kan. Òógùn ń ṣàn lára mi wẹ̀ẹ̀ bí mo ṣe retí. Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pín omi, mò ń mu díẹ̀, mò ń da ìyókù sórí àti ọrùn. Orí afárá yẹn ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 28 ni mo fi dé ìdajì. Ara mi ní kí n yára. Mo ní rárá.

Lẹ́yìn kìlómítà 30 ni màrátọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀. Dípò kí wọ́n máa kọjá lára mi, èmi ni mo wá ń kọjá. Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, iṣan ti fà á ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Mo fún un ní omi oníyọ̀ tó kù lọ́wọ́ mi, mo ní kó dìde rọra máa rìn. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. N kò lè ka Fátíhà délẹ̀ mọ́. Ó di ọ̀rọ̀ kan sí èémí kan. N kò dẹ ìgbésẹ̀ mọ́ báyìí, torí àkókò tí mo ń fi nǹkan pamọ́ dè ti dé. Gbogbo ohun tí mo kó pamọ́ láti oṣù Ọ̀wàrà, mo ná an ní kìlómítà mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn yẹn. Nígbà tí mo kọjá ìlà òpin ní Eko Atlantic, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 58 ni aago kà. Mo forí kanlẹ̀ níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì sunkún fún ayọ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ìdajì kejì fi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí mo padà, àtẹ̀gùn ilé ìwé ń ni mí lára, ṣùgbọ́n mo rìn lọ sí ìkóríta lọ́jọ́ kejì láti lọ fi mẹ́dàlì mi han Màmá alákàrà. Ó fi àkàrà tó gbóná jọ̀ọ̀ dá mi lọ́lá, ó sì kọ owó lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi sáré rárá, torí iṣan tó ya nílò ìsinmi bí ó ti wù kí ara rò pé òun ti yá.

Nísinsìnyí, àwọn olùkọ́ obìnrin méjì nílé ìwé wa ti ní àwọn fẹ́ bá mi sá ti ọdún tó ń bọ̀. Inú ọgbà Yunifásítì ni a ti ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú: ìsáré ìṣẹ́jú kan, ìrìn ìṣẹ́jú méjì, títí ìdajì wákàtí yóò fi pé. Èyí kékeré nínú wọn, tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Àǹtí, ìgbà wo la máa wá yára?" Mo ní kí ó ka Fátíhà sí mi létí. Ó mí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ìdajì, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.